Ìwé "Ta Ló Pa Á?" Fún Ọmọ Ọdún 8 Sí 12: Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀ Gan-an?

Òbí tó bá ṣí báàgì ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, tó bá ìwé kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Murder" gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ yóò já. Ọmọ yóò ní láíbírì ilé ìwé ni òun ti yá a, pé tíṣà ló ní kí òun kà á, pé òun ti kà á dé ìdajì, kí wọ́n jọ̀ọ́ má gbà á lọ́wọ́ òun. Láti London dé Èkó ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu àwọn òbí. Òmíràn á gba ìwé náà, á fi pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Òmíràn á fi ìbínú dá a padà sílé ìwé. Òmíràn á fi í sílẹ̀ fún ọmọ nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ará oko. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà ṣí ìwé náà wò.

Mo fẹ́ràn àwọn ìwé yìí, mi ò sì ní fi bò. Èrò mi ni pé òkú inú wọn kọ́ ni ọmọ ń tìtorí rẹ̀ kà wọ́n. Iṣẹ́ wíwá ẹ̀rí kí a tó nàka sí ẹnikẹ́ni ló ń fà á mọ́ra. Àmọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ.

## Irú ìwé wo là ń pè bẹ́ẹ̀?

"Murder mystery" ni ìtàn tí wọ́n ti pa ẹnì kan nínú rẹ̀, tí apààyàn fara pamọ́ sáàárín àwọn tó wà nítòsí, tí ẹnì kan sì dìde láti wádìí títí àṣírí fi tú. Ẹ̀yà kan lára ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Gbogbo ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ́ ló ní òkú nínú. Òmíràn dá lórí olè, òmíràn lórí ẹni tó sọnù.

"Middle grade" jẹ́ orúkọ tí àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń pe ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún 8 sí 12. Àwọn òbí kan ní Nàìjíríà rò pé ìwé àwọn ọmọ JSS ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo kíláàsì: ọmọ Primary 4 wà níbẹ̀, ọmọ JSS 1 náà wà níbẹ̀. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ni "young adult", tí wọ́n ń kọ fún ọmọ ọdún 12 tàbí 13 títí dé 18. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, màá padà sórí rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Ọmọ rẹ lè ní "Murder Mystery" ni òun ń ṣe, kó má jẹ́ ìwé rárá. Géèmù kan wà lórí Roblox, ìkànnì tí àwọn ọmọ ti ń ṣe géèmù, tó ń jẹ́ Murder Mystery 2: ẹnì kan mú ọ̀bẹ, ó ń lé àwọn yòókù kiri, ẹnì kan ní ìbọn láti fi gbà wọ́n sílẹ̀, àwọn tó kù ń sá àsálà. Kò sí ìwádìí kan tó jinlẹ̀ níbẹ̀, eré ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òbí tó bá ń bínú sí géèmù náà kò gbọdọ̀ gbé ìbínú yẹn lọ bá ìwé.

## Ṣé kì í ṣe ìwé ẹlẹ́rù ni?

Rárá. Ìwé ẹlẹ́rù fẹ́ kí irun ara òǹkàwé dìde, ó sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìtàn á fi parí. Ìwé tí à ń sọ yìí máa ń tan iná sí ibi tó ṣókùnkùn. Bó bá di orí tó gbẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí a kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ìròyìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, irú èyí tó ń kún orí fóònù wa lójoojúmọ́. Àròsọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

## Báwo ni ìtàn náà ṣe ń rìn?

Ẹni tó bá ti pa àlọ́ àpamọ̀ fún ọmọ rí ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí. "Òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọ á máa ronú ẹja, á máa ronú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí o bá sọ fún un pé ọmọrogùn ni, tí wọ́n tì bọ inú omi tó ń hó lórí iná, á pariwo, torí pé ìdáhùn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. O ò purọ́ fún un. O kàn jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ gba ibòmíràn lọ ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òǹkọ̀wé ìtàn ta-ló-pa-á ń ṣe, àmọ́ ojú ìwé igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ló fi ń pa àlọ́ tirẹ̀. Á kọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sí ibi tí wọn kò ti lè tètè jáde: ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, ilé ńlá kan tí òjò sé àwọn àlejò mọ́. Nígbà tí òkú bá wá ṣubú, a mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò jìnnà. Àwọn tó kù á di afurasí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á máa bi lórí afurasí kọ̀ọ̀kan: kí ló lè mú un ṣe é, ṣé ó ní àyè láti ṣe é, níbo ló wà ní wákàtí tó ṣẹlẹ̀? Ọmọ tó ti ka ìwé bíi mẹ́ta nínú irú èyí á ti máa ya ilà sínú ìwé àkọsílẹ̀, á máa kọ orúkọ afurasí, á máa fagi lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìtàn ló fà á débẹ̀.

Àmì ni wọ́n fi ń dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn. Àmì lè jẹ́ ohun kékeré tí kò jọni lójú. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù wà nínú ìwé Emil und die Detektive, tí Erich Kästner kọ ní Jámánì lọ́dún 1929. Kò sí òkú nínú rẹ̀. Olè ló wà níbẹ̀. Emil wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin pẹ̀lú 140 máàkì lápò, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún owó náà mọ́ inú kóòtù rẹ̀ kó má baà sọnù. Ó sùn lọ, ẹnì kan jí owó náà. Nígbà tí wọ́n wá ká ọkùnrin náà mọ́ báńkì, ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ níwájú àgbàlagbà tó wọ aṣọ gidi? Emil rántí abẹ́rẹ́. Ihò wà lára owó náà, ihò tí kò sí ẹlòmíràn tó lè mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ wò ó bí òǹkọ̀wé ṣe fi abẹ́rẹ́ yẹn hàn wá tipẹ́tipẹ́, nígbà tí a rò pé ìwà ọmọ tó ń ṣọ́ owó ìyá rẹ̀ lásán ló ń júwe.

Òdìkejì àmì gidi ni àmì aṣinilọ́nà: aṣọ tó dọ̀tí tó sì ní ìdí mìíràn tó fi dọ̀tí, obìnrin tó ń purọ́ nítorí àṣírí tí kò kan ikú náà rárá. Níbí ni ọmọ ti ń kọ́ pé èèyàn lè purọ́ kó má sì jẹ́ òun ló ṣe iṣẹ́ ibi náà. Àgbàlagbà mìíràn kò tíì mọ̀yẹn.

## Ta ló ní kí òǹkọ̀wé má rẹ́ni jẹ?

Àdéhùn kan wà láàárín òǹkọ̀wé àti òǹkàwé. Lọ́dún 1929 kan náà, Ronald Knox, àlùfáà ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, to òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ara wọn ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti fara hàn níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Wọn kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbé àjèjì kan wọlé ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Àmì tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀daràn náà. Agbára àìrí kò sì gbọdọ̀ dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Kò sí àlá, kò sí ìran, kò sí ẹni tó máa lọ bèèrè níbì kan tí á padà wá dárúkọ ọ̀daràn. Ojú, etí àti ọpọlọ nìkan ni ọmọ inú ìtàn ní. Láwùjọ tiwa, wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan arúgbó àti ọmọ kékeré nítorí pé ẹnì kan lálàá. Wọ́n ti ń fi táyà kọ́ ẹni tí wọ́n pè lólè lọ́rùn, tí wọ́n ń dáná sun ún kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀. Ìwé tó ń fi ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé ẹni tí gbogbo ilé ń fura sí lè má mọwọ́mẹsẹ̀, inú mi dùn pé ó wà.

## Kí ni wọ́n ń yọ kúrò kó tó yẹ ọmọdé?

Ẹ wo Murder Most Unladylike, tí Robin Stevens kọ, tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2014, tó sì bí ìwé mìíràn tó pọ̀ tẹ̀ lé e. Ọdún 1934 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń gbé inú ọgbà. Hazel Wong, ọmọ tí wọ́n rán wá láti Hong Kong, wọ inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá, ó rí tíṣà sáyẹ́ǹsì, Miss Bell, ní ilẹ̀, ó ti kú. Ó sáré lọ pe ẹnìkejì rẹ̀, Daisy Wells. Kí wọ́n tó padà dé, òkú ti pòórá. Gbogbo ilé ìwé gbà pé ńṣe ni tíṣà náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ méjì yìí àti apààyàn nìkan ló mọ̀ pé ẹnì kan kú.

Ohun tí òbí máa ṣàkíyèsí bó bá kà á ni pé a kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa Miss Bell. Bí irú ìwé yìí ṣe sábà máa ń rí nìyẹn: ikú náà á ti ṣẹlẹ̀ ká tó dé, a ó rí òkú fún ìgbà díẹ̀, ìtàn á sì kọjú sí ìbéèrè. Òǹkọ̀wé kì í dúró máa júwe ọgbẹ́. Kò sí ìṣekúṣe, kò sí ìfìyàjẹni tí wọ́n ń fà gùn. Ìdí tí apààyàn fi ṣe é sì máa ń jẹ́ ohun tí ọmọdé lè lóye: owú, owó, ipò, ìbẹ̀rù kí àṣírí má tú.

Ohun tí wọn kì í yọ kúrò ni ìbànújẹ́. Ẹ̀rù ń ba Hazel. Ó ń ronú nípa ẹni tó kú gẹ́gẹ́ bí èèyàn, nígbà tí Daisy ń yọ̀ pé àwọn ti rí ẹjọ́ gidi wádìí. Èmi gbà pé ibi tí ìwé náà ti dára jù nìyẹn, torí pé ọmọ tó ń kà á gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tí òun fẹ́ fìwà jọ nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, Hazel jẹ́ àlejò nílùú onílùú, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, oúnjẹ rẹ̀ yàtọ̀, àwọn kan ń fi ojú mìíràn wò ó. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham ní London kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un.

## Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ikú? Ṣé olè kò tó?

Ìbéèrè gidi nìyí, torí pé olè ló tó fún wọn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí àwọn ìwé ìtàn Nancy Drew, ọ̀dọ́mọbìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930, ìwé ìhágún tó sọnù ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ìṣúra, fàyàwọ́, lẹ́tà tí wọ́n jí: ibi tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọmọdé máa ń mọ nìyẹn láyé ọjọ́un. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà wa ló wá mú ikú wọ inú ìwé ọmọdé ní gbangba.

Ìdí rẹ̀, bí mo ṣe rí i, ni pé ohun tí wọ́n bá jí ṣeé dá padà. Òkú kì í jí dìde. Bí ọmọ inú ìtàn bá ṣi ẹjọ́ náà dá, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ á jìyà, apààyàn á sì jókòó ti àwọn yòókù nídìí oúnjẹ alẹ́. Ọmọ tó ń kàwé mọ èyí, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbé ìwé sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣàníyàn pé ikú ti pọ̀ jù fún ọmọdé, ẹ rántí ohun tí wọ́n fi tọ́ wa. Olúrónbí fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò, inú àlọ́ la ti gbọ́ ọ, kí a tó mọ ìwé kà. Ọmọdé ń rí pósítà ìsìnkú lára ògiri nígbà tó bá ń lọ sílé ìwé. Wọ́n mọ̀ pé ikú wà. Ohun tí wọn kì í sábà rí ni ibi tí àgbà ti jókòó dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn lórí rẹ̀.

## Kí ló dé tó jẹ́ ọmọdé ló ń wádìí, níbo ni ọlọ́pàá wà?

Ọlọ́pàá máa ń wà níbẹ̀; ó máa ń pẹ́ dé, tàbí kó ti dì mọ́ afurasí tí kì í ṣe òun. Ohun tó jẹ́ agbára ọmọdé nínú ìtàn yìí ni pé àgbà kì í ka ọmọdé sí. Wọ́n á máa sọ àṣírí níwájú ọmọ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ á gbọ́, á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

High-Rise Mystery tí Sharna Jackson kọ lọ́dún 2019 lo ọgbọ́n yìí dáadáa. Ilé gíga alápátímẹ́ńtì kan ní London ni ó ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí oòrùn ń mú gan-an. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò aláwọ̀ dúdú ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà: Norva, ọmọ ọdún 13, tó máa ń tẹ̀ lé ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ, àti Nik, ọmọ ọdún 11, tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ bí kò bá rí ẹ̀rí. Gbogbo igun ilé náà ni wọ́n mọ̀. Ìṣòro wọn ni pé bàbá wọn wà lára afurasí. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Waterstones, ilé ìtàwé ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 2020 fún ìwé àwọn ọmọdé tí kò tíì bàlágà. Mo sọ nípa rẹ̀ nítorí àwọn òbí tó rò pé irú ìtàn yìí jẹ́ ti àwọn òyìnbó olówó tó ń gbé inú ààfin. Àwọn tó ń gbé inú irú ilé yìí ní London, ọmọ wa pọ̀ nínú wọn.

## Ṣé èdè Yorùbá ní irú ìtàn yìí?

Ó ní in, ó sì ti pẹ́. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde lọ́dún 1969, ó sì tún gbé Àgbàlagbà Akàn jáde lọ́dún 1971. Lápàdé, ọkùnrin tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú méjèèjì. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Àkọlé àkọ́kọ́ yẹn nìkan ti sọ irú ìtàn tó jẹ́.

Àmọ́ ọmọ ilé ìwé girama àti àgbàlagbà ni àwọn ìwé wọ̀nyí wà fún. Èdè wọn jinlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé ní Houston kò lè dá a kà. Ààyè ńlá ló ṣí sílẹ̀ níbí fún àwọn òǹkọ̀wé wa, ó sì ń ká mi lára. Kò sí ibi tó dára fún irú ìtàn yìí bí agboolé tí gbogbo ẹbí péjọ sí fún ìsìnkú, tí ìyá àgbà méjì kò bára wọn sọ̀rọ̀, tí àbúrò bàbá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí iná lọ lóru, tí ilẹ̀ sì mọ́ ba òkú ẹlòmíràn. Ta ló mọ ẹni tó kúrò lórí ẹní rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, bí kò ṣe àwọn ọmọ tí wọ́n kó sùn sí pálọ̀?

## Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó yẹ ọmọ mi?

Wo ẹ̀yìn ìwé fún ọjọ́ orí. Lẹ́yìn náà, ka orí ìkíní àti ibi tí wọ́n ti rí òkú. Bí òǹkọ̀wé bá ń dúró lórí ẹ̀jẹ̀, ìwé náà kì í ṣe ti ọmọ kékeré, ohun yòówù kí wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Má jẹ́ kí àkọlé tàn ọ́. A Good Girl's Guide to Murder, tí Holly Jackson kọ lọ́dún 2019, tí BBC sì ṣe eré rẹ̀ lọ́dún 2024, ń jẹ́ orúkọ tó jọ ti ìwé ọmọdé. "Young adult" ni. Oògùn olóró àti ìfipábánilòpọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè kà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ kà á. Ibi tí ààlà tí mo mẹ́nu bà lókè ti ń ṣiṣẹ́ nìyí.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹnì kan, pàápàá bó bá jẹ́ ikú oró, fi ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Bó bá jẹ́ ọmọ tí kì í lè sùn lẹ́yìn ìtàn tó bà á lẹ́rù, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó dá lórí olè.

Fún àwọn yòókù, bá a kà á. Bẹ́ ẹ bá ku orí kan tàbí méjì kí àṣírí tú, pa ìwé náà dé, kí o bi í léèrè ẹni tó pa olóògbé. Bó bá dárúkọ ẹnì kan, ní kó fi ojú ìwé tí ẹ̀rí rẹ̀ wà hàn ọ́. Bó bá ní ojú onítọ̀hún ni kò kàn tẹ́ òun lọ́rùn, ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ wá a.